Ẹ́ńjìnnì agégi: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun, báwo la sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Agégi Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Iṣẹ́ igi gígé ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀: máńgòrò tó ti fẹ́ wó lu páànù ilé, dóńgóyárò tó ń da ewé sínú kànga, àràbà tó ti ń kú lọ lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà mìíràn àwọn àgbẹ̀ máa ń pè mí pé kí n wá bi igi ńlá wó lóko kí wọ́n lè rí ibi gbin ẹ̀gẹ́. Háyà ni mo ń háyà ẹ́ńjìnnì tí mo ń lò, owó tí mo sì ń san lórí rẹ̀ ti ń jẹ èrè mi tán. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo fẹ́ ra tèmi.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n fi hàn mí lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni 070, irú ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó ń jẹ́ orúkọ Stihl, iléeṣẹ́ Jámánì; tuntun ni, ó wà nínú páálí, owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ìkejì ni Stihl tòkunbọ̀ kan tí ẹni tó ń tà á ní ó wá láti Jámánì. Ìkẹta ni kékeré kan tí àwọn tó ń gé ẹ̀ka igi fẹ́ràn. Èwo ni kí n gbé? Tí mo bá sì gbé e, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀ tí kò fi ní kú mọ́ mi lọ́wọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Gẹdú Òrè

Àbúrò, kú ìmúra. Kó o tó mú èyíkéyìí, kọ́kọ́ wo bí ìdí igi tó o sábà máa ń gé ṣe tóbi tó. Nínú gbogbo èyí tó o dárúkọ, àfi àràbà nìkan ni báà (irin gígùn pẹlẹbẹ tí ṣéènì eléyín ń yí lórí rẹ̀) ínṣì 20 sí 25 ò ní tó lẹ́ẹ̀kan náà. 070 tó o rí yẹn, iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n ṣe é fún. Ó tó nǹkan bíi 106 cc (ìyẹn bí inú sílíńdà rẹ̀ ṣe tóbi tó), ó sì lé ní kílò 10 kó o tó fi báà àti ṣéènì sí i, kó o tó da epo sínú rẹ̀. Àwa tá a ń la ìrókò àti apá sí pákó nínú igbó là ń lò ó, torí pé kì í sáré, fífà ló mọ̀, báà ínṣì 36 kì í wúwo fún un. Tó o bá gbé e wọ àgbàlá onílé láti fi gé ẹ̀ka máńgòrò, kó tó di ọ̀sán apá rẹ á ti máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní búrẹ́ẹ̀kì ṣéènì rárá. Ọjọ́ tí orí báà bá ta padà sí ọ, kò sí ohun tó máa dá ṣéènì yẹn dúró kó tó kàn ọ́ lára.

Àárín ni kó o dúró sí. Stihl MS 381 jẹ́ 72 cc, Husqvarna 372 XP jẹ́ 71 cc. Ìkankan nínú wọn kò ju bíi kílò mẹ́fà ààbọ̀ sí méje lọ láìsí báà. Báà ínṣì 20 ni kó o máa lò lójoojúmọ́, kó o sì tọ́jú 25 kan sílé de àràbà. Ìyẹn náà, wàá gé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó já. Má ra báà gígùn nítorí pé ó wù ọ́ lójú. Báà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ ń jẹ agbára ẹ́ńjìnnì, ó ń mu ọ́ìlì, orí rẹ̀ sì máa ń kan ohun tí o kò rí lódìkejì igi.

Lẹ́yìn náà, bí owó bá wọlé, ra kékeré kan kún un, irú MS 250 tó jẹ́ 45 cc. Òun lo máa fi ṣa ẹ̀ka lẹ́yìn tí igi bá ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì ńlá kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fi san án.

Mẹkáníìkì Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Òrè ti sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dé iwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù.

070 tuntun tó wà nínú páálí, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ayédèrú ni. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n kùn ún láwọ̀ Stihl. Ó máa ń ṣiṣẹ́, mo mọ àwọn tó ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n bẹ́ríǹ inú rẹ̀, ríìnì písítìn rẹ̀ àti rọ́bà tó ń dì í kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kì í ṣe ohun tó o lè fọkàn tán. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ju ìyẹn lọ, kó pààrọ̀ rọ́bà epo, púlọ́ọ̀gì àti ṣéènì rẹ̀ kó tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ ńlá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé páàtì rẹ̀ wà káàkiri, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń wọ ara ojúlówó.

Ní ti tòkunbọ̀, má kàn fà á kó o gbọ́ ohùn rẹ̀ kó o sanwó. Ẹni tó ń tà á ti lè tan án kó ti gbóná kó o tó dé. Jẹ́ kó tutù. Pa suwíìṣì iná rẹ̀, di ọwọ́ okùn ìfà rẹ̀ mú, gbé ẹ́ńjìnnì náà kúrò nílẹ̀ kó fi okùn yẹn rọ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń sọ̀, agbára wà nínú sílíńdà. Tó bá yọ̀ wálẹ̀ ṣààrà lẹ́ẹ̀kan, ríìnì tàbí sílíńdà ti lọ. Tó bá ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí fífà rẹ̀ lè rọrùn, rí i pé kò wà ní títẹ̀ nígbà tó o ń ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà, ní kí ó jẹ́ kó o tú sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, máa bá tìẹ lọ. Tó o bá ti tú u, wàá rí ihò kan tí písítìn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Tan iná fóònù rẹ sí i, fa okùn díẹ̀díẹ̀ kí písítìn máa lọ sókè sódò. Písítìn tó dára máa ń mọ́, wàá rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi sí i nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n dùbúlẹ̀ yí i ká. Tó o bá rí ìlà tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ojú irin náà ti ya, tó rí ráúràù, ẹ́ńjìnnì yẹn ti gbẹ epo rí, ó ti nọ́ọ̀kì tàbí ó kù díẹ̀. Kò sí ìlérí ẹnì kankan tó lè tún ìyẹn ṣe.

Fọwọ́ kan rọ́bà epo inú táǹkì. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní Yúróòpù máa ń le, á sì la lọ́jọ́ tó bá mu epo wa. Wo ara irin fún nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn; tí ó bá jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan lo rí, ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí tòkunbọ̀. Àwọn tuntun kan wà tó ní M-Tronic, ti Husqvarna ń jẹ́ AutoTune. Kabúrétọ̀ wọn ń to ara rẹ̀, kò sí ìdè H àti L (àwọn sukurúù tí wọ́n fi ń to epo) tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè fi ọwọ́ yí. Iṣẹ́ wọn dára gan-an, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dákú sí ọ lọ́wọ́ ní Odẹ́da, ta ló máa tún un ṣe? Ra èyí tí mẹkáníìkì tó sún mọ́ ọ lè tú, tí páàtì rẹ̀ sì wà ní ìlú rẹ.

Agégi Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gba ojú sàlẹ́ńsà wo písítìn. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ká ṣe máa po epo? Ẹni tí mo ń háyà lọ́wọ́ rẹ̀ kàn máa ń da ọ́ìlì sí i títí tí àwọ̀ rẹ̀ bá fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ni.

Mẹkáníìkì Ìbàdàn

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń kú. Ẹ́ńjìnnì agégi kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí lọ́tọ̀. Ọ́ìlì tó bá bá epo wọlé náà ni písítìn, sílíńdà àti bẹ́ríǹ fi ń rìn. Tí kò bá sí nínú epo, kò sí níbì kankan.

Tó bá jẹ́ ọ́ìlì tuu-sitíróòkù (èyí tí wọ́n ń pò mọ́ epo) gidi tí Stihl tàbí Husqvarna ṣe fún ẹ́ńjìnnì wọn lo rí rà, ìdá kan sí 50 ni. Ìyẹn 20 ml sínú lítà epo kan, tàbí 100 ml sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Tó bá jẹ́ tuu-sitíróòkù mìíràn, ìdá kan sí 25 ni Stihl fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé tó ń bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá: 40 ml sí lítà kan, 200 ml sí lítà 5. Ọ́ìlì mọ́tò kọ́ o! Ọ́ìlì mọ́tò kì í jó tán, èédú rẹ̀ ló máa ń dí ihò sàlẹ́ńsà, tó sì ń lẹ ríìnì mọ́ písítìn.

Má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ra síríǹjì ńlá ní kẹ́místì, owó kékeré ni, òun ni kó o máa fi fa ọ́ìlì. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kó o ti pò ó, má ṣe é nínú táǹkì ẹ́ńjìnnì. Da ìlàjì epo sí i, da ọ́ìlì sí i, gbọ̀n ọ́n, kó o wá fi epo yòókù kún un, kó o tún gbọ̀n ọ́n. Kó o tó da epo sínú táǹkì, gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ nǹkan sára kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í bù sínú alùpùpù, kí ìwọ náà má sì ṣì í gbé epo tí kò ní ọ́ìlì. Èyí tó bá ti lé ní oṣù kan, má dà á sínú ẹ́ńjìnnì agégi mọ́.

Ìgbàkígbà tó o bá fẹ́ rọ epo, pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù díẹ̀, nu ìdérí kó o tó ṣí i kí èérún igi má wọlé, kó o sì kún ọ́ìlì ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti ṣe é kí epo tán kí ọ́ìlì ṣéènì tó tán. Tí epo bá tán tí ọ́ìlì ṣéènì kò dín, ihò ọ́ìlì ti dí nìyẹn, ṣéènì ti ń rìn gbẹ lórí báà.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ìdá kan sí 50 yẹn ń bà mí lẹ́rù. Oòrùn tiwa kì í ṣe oòrùn wọn, igi tiwa kì í sì í ṣe igi wọn. Ẹni tó ń gé ayín láti àárọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sinmi. 25 ni mo ti ń pò láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì máa ń fi díẹ̀ lé e. Èéfín rẹ̀ a pọ̀ díẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ a tètè dọ̀tí, mo gbà. Púlọ́ọ̀gì kò wọ́n tó písítìn.

Mẹkáníìkì Ìbàdàn

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. 25 tẹ́ ẹ̀ ń pò, mi ò bá yín jiyàn lórí ẹ̀, pàápàá tí orísun ọ́ìlì náà kò bá dá yín lójú. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń fi lé e ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ń gba àyè epo. Ohun tó ń gba inú kabúrétọ̀ wọlé kò yí padà, nítorí náà bí ọ́ìlì bá ṣe ń pọ̀ ni epo ń dín kù sí afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì tún máa gbóná náà ni. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí 25 géérégé.

Gẹdú Òrè

Ẹ jẹ́ ká dé orí ṣéènì, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ́ńjìnnì 90 cc tí ṣéènì rẹ̀ kú kò tó 50 cc tí eyín rẹ̀ mú.

Wo ohun tó ń jáde lábẹ́ báà. Èérún igi gígùn, tó nípọn, ló yẹ kó máa ta jáde. Tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, tàbí tó o bá ń fi ara tẹ ẹ́ńjìnnì kó tó wọ igi, tàbí tí ojú gígé ń yà sápá kan, dúró kó o pọ́n ọn. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ló ń pa kilọ́ọ̀ṣì, báà àti ìbàdí ara rẹ̀.

Fáìlì tó bá ṣéènì mu ni kó o rà. Ṣéènì 3/8 (ìwọ̀n ṣéènì ní ínṣì nìyẹn), tó wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 70 cc, fáìlì 5.2 mm ni tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ .325, 4.8 mm. Èyí tó jẹ́ .404, tó wà lórí 070, 5.5 mm. Nọ́ńbà yìí wà lára báà tàbí páálí ṣéènì.

Nínú igbó, mo máa ń fi ẹ́ńjìnnì gé ojú kékeré kan sórí kùkùté, màá wá fi báà há ibẹ̀ kó má baà mì. Fi búrẹ́ẹ̀kì sí i. Wá eyín tó kúrú jù lọ nínú gbogbo wọn, òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo eyín yòókù gbọ́dọ̀ kúrú dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Di fáìlì mú gbọọrọ, kó yà díẹ̀, ìwọ̀n dígírì 30 tí wọ́n ti fi ìlà sí lórí eyín. Láti inú sí òde ni kó o máa tì í. Gbé e kúrò lára eyín nígbà tó o bá ń fà á padà, torí fáìlì kì í jẹ irin lójú méjèèjì. Iye ìgbà tó o bá ti eyín kan, òun náà ni fún gbogbo eyín tó kọjú sápá yẹn. Tó o bá parí apá kan, lọ sí òdìkejì. Nígbà tó bá mú, ojú rẹ̀ lókè kì í dán sí iná. Tó o bá ń rí ìlà funfun kan tó ń tàn lórí ẹnu eyín, kò tíì mú.

Òkè kékeré tó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ bí eyín á ṣe jẹ igi jìn tó. Bó o ṣe ń pọ́n eyín ni eyín ń rẹlẹ̀, tí òkè yẹn kò sì rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pọ́n títí tí ṣéènì kò sì ń jẹ. Fi fáìlì pẹlẹbẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó fi nǹkan bíi 0.65 mm rẹlẹ̀ ju ẹnu eyín lọ, ìwọ̀n rẹ̀ wà lọ́jà. Má gé e jù. Eyín tó bá jẹ igi jìn jù á máa fa ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ, á sì máa ta.

Ẹni tó bá ń la pákó gígùn, ìwọ̀n dígírì 10 ló yẹ kó pọ́n ọn sí.

Ìrókò tún ní tirẹ̀. Òkúta funfun líle kan máa ń wà nínú rẹ̀, ó sábà máa ń wà níbi tí igi náà ti fara pa rí. O kò ní rí i láti ìta. O kàn máa gbọ́ tí ohùn yí padà, tí iná ta, gbogbo eyín apá kan á sì ti kú. Tó o bá rí ojú àpá ńlá lára ìrókò, gba ibòmíràn gé e bó bá ṣeé ṣe. Kó o sì bo imú rẹ, lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń dí àyà.

Ìyá Onípákó Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi. Mi ò gé igi rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tèmi ni àwọn ọmọ fi ń lọ sí igbó, èmi ni mo sì ń san owó àtúnṣe. Owó yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Mo ra ìwé kékeré kan fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ṣéènì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, iye lítà epo tó mu, gbogbo rẹ̀ la ń kọ síbẹ̀. Ọdọọdún ni mo máa ń mọ èyí tó ń jẹ mí run, màá tà á. Sipírókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín tó ń yí ṣéènì, tí ṣéènì méjì bá ti gbó lórí rẹ̀, a máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ṣéènì tuntun sórí sipírókẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ, kíá ló máa ba tuntun náà jẹ́. Báà, a máa ń yí i dojú dé gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n ṣéènì kó má baà jẹ lápá kan.

Mi ò gbà kí wọ́n gbé ṣéènì mi lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọ irin àwọn wẹ́dà. Iná rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹnu eyín dúdú bí aró, irin tó bá ti dúdú báyẹn ti rọ̀, kò ní mú mọ́. Fáìlì ọwọ́ ni.

Ṣéènì féèkì pọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnì kan tà á fún mi nínú páálí tó jọ ojúlówó, àárín ọ̀sẹ̀ ni irin tó so eyín pọ̀ já. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ara igi ló fò bá. Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá ti mọ ẹni tó ń tà á nìkan ni mo ti ń rà.

Agégi Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Mo fẹ́ béèrè nípa ọ́ìlì ṣéènì. Kọ́ńdẹ́ǹ, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ti tú nínú mọ́tò, ni gbogbo wa ń lò níbí torí kò wọ́n. Ṣé ó burú ni?

Ọmọ Ìkirè ní Kent

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ igi gígé ni èmi náà ń ṣe níbí ní ìlú ọba, orí igi ni mò ń gùn jù.

Lórí kọ́ńdẹ́ǹ: lẹ́búlẹ́bú irin tó ti jẹ kúrò lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò wà nínú rẹ̀, inú báà ló sì ń gbé e lọ, á wá máa họ páǹpù ọ́ìlì àti báà láti inú. Ó ṣàn jù, ó ń ta dànù lórí báà kó tó dé ìsàlẹ̀ ṣéènì. Èyí tó burú jù ni pé ó ń ta sí ọ lójú, lọ́wọ́, ó sì ń wọ ara; àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti sọ pé ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. Tó o kò bá rí ọ́ìlì ṣéènì gidi rà, ọ́ìlì mọ́tò tuntun SAE 30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sàn jù ú lọ. Níbí, ọ̀pọ̀ wa ló ń lo ọ́ìlì tí wọ́n fún láti ara irúgbìn, torí kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń gbẹ lẹ pọ̀, tó o bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ o ní láti nù ún kúrò.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ìkẹta tó o rí lọ́jà. Tí ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ bá wà lórí ẹ́ńjìnnì gan-an, àwọn tó ń gun igi ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún, irú MS 201 T tó jẹ́ 35 cc. Ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa fi ṣiṣẹ́, torí pé ó rọrùn láti fi ọwọ́ kan dì í mú, ọwọ́ kan náà ló sì ń jẹ́ kí orí báà ta dé ojú èèyàn. Níbí, o ní láti gba ìwé ẹ̀rí kó o tó lè fi gun igi níbi iṣẹ́. Tó o bá ń gùn, fi okùn so ó mọ́ra, ọwọ́ méjèèjì ni kó máa wà lára rẹ̀, búrẹ́ẹ̀kì sì gbọ́dọ̀ wà ní dídì nígbàkígbà tí o kò bá gé nǹkan.

Kó o tó ra báà kejì, ra ṣòkòtò ààbò. Òwú gígùn líle ló wà nínú rẹ̀. Tí ṣéènì bá ya aṣọ òde, òwú yẹn á wé mọ́ sipírókẹ́ẹ̀tì, á dá ẹ́ńjìnnì dúró kó tó dé ẹran ara. Èyí tí ṣéènì bá ti gé lẹ́ẹ̀kan, má tún un rán, pààrọ̀ rẹ̀. Akoto àti ìbotí náà ṣe pàtàkì. Ariwo ẹ́ńjìnnì yìí ju 100 dB (ìwọ̀n ariwo) lọ, etí tó bá ti kú kì í jí mọ́.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà

Ọmọ Ìkirè, o káre. Ọ̀rọ̀ kọ́ńdẹ́ǹ yẹn, mo ti gbọ́ ọ. Páǹpù ọ́ìlì mi ti bàjẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibi tó ti ń wá ló ń yé mi yìí.

Lórí búrẹ́ẹ̀kì, ní ọjọ́ ọdún Ògún a máa ń kó gbogbo ẹ́ńjìnnì jáde bọ irin wa, mi ò sì fi ìyẹn ṣeré rí. Lẹ́yìn rẹ̀, láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ igbó, mo máa ń ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí wọ́n fi búrẹ́ẹ̀kì sí i, kí wọ́n tẹná díẹ̀. Tí ṣéènì bá yí, ẹ́ńjìnnì yẹn kò lọ síbì kankan lọ́jọ́ náà.

Agégi Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú, ìbéèrè mi pọ̀. Èyí tí mo ń háyà, tí mo bá tẹná tí mo sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, ariwo rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ kíá, á ṣì máa ké lọ fúngbà díẹ̀. Ṣéènì rẹ̀ náà sì ń yí bí mi ò tilẹ̀ tẹná. Kí ló fà á?

Mẹkáníìkì Ìbàdàn

Àbúrò, pa á, dá a padà fún olówó rẹ̀ lónìí. Ẹ́ńjìnnì tí kì í sọ̀ sí sìlóò (ìrìn pẹ̀lẹ́ tó ń rìn láìtẹná) tó o bá dáwọ́ iná, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé láìgba kabúrétọ̀: rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ sílíńdà ti la, tàbí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ríǹ ti lọ. Epo tó ń wọlé ti kéré sí afẹ́fẹ́. Ìyẹn ló máa ń ya písítìn. Má fi ìdè kabúrétọ̀ tún un ṣe, ńṣe lò ń bo egbò mọ́lẹ̀.

Ti ṣéènì tó ń yí, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé sìlóò ga jù, ìdè LA ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tó o bá ti rẹ̀ ẹ́ tó ṣì ń yí, sipíríǹgì kilọ́ọ̀ṣì ti já tàbí ó ti rọ̀.

Fíltà afẹ́fẹ́, ojoojúmọ́ ni, nígbà ọyẹ́ kódà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Yọ ọ́, gbọ̀n ọ́n, fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó bá jẹ́ irú tó ṣeé fọ̀, kó gbẹ dáadáa kó o tó dá a padà. Ti ṣóòkù kó dí ẹnu kabúrétọ̀ kó o tó yọ ọ́ kí ìdọ̀tí má baà já sínú kabúrétọ̀. Lẹ́yìn náà ṣí ilé okùn ìfà, wàá rí èérún igi tó ti kún bo àwọn abẹ́ irin ara sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń gba ibẹ̀ kọjá, ká sì ní kò rí ibi gbà, ọ́ìlì tó dára jù láyé kò lè gbà á là. Búrọ́ọ̀ṣì àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó láti tún un ṣe.

Fífún ṣéènì náà ń ṣe bí ẹni pé kékeré ni. Ó yẹ kó kan abẹ́ báà, kó sì ṣeé fi ọwọ́ fà yí. Tó bá gbóná á gùn, wàá fún un. Ṣùgbọ́n tó o bá parí iṣẹ́, tú u díẹ̀. Ṣéènì tó gbóná á sún kì tó bá tutù, tí o kò bá tú u, bẹ́ríǹ inú ẹ́ńjìnnì ló máa fi agbára yẹn hàn.

Gẹdú Òrè

Kó o tó gbé iṣẹ́, béèrè ìwé àṣẹ. Ní Èkó, LASPARK, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọgbà ìtura àti igi, ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kódà tí igi bá wà nínú ọgbà onílé. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ọ́fíìsì ìgbó ìjọba ìpínlẹ̀ ni kó o lọ bá. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti kan wáyà, iléeṣẹ́ iná ni kó kọ́kọ́ pa iná kó o tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Má gbà kí onílé sọ fún ọ pé kò sí iná.

Agégi Abẹ́òkúta

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti rí MS 381 tòkunbọ̀ kan, olówó rẹ̀ gbà kí n tú sàlẹ́ńsà. Písítìn rẹ̀ mọ́, ìlà yípo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Rọ́bà epo ti le, màá pààrọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: tí òjò bá pọ̀ tí iṣẹ́ kò sí fún ìgbà pípẹ́, báwo ni mo ṣe máa gbé e pamọ́?

Mẹkáníìkì Ìbàdàn

Kú orí ire. Pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fi àlàfo 0.5 mm sí i.

Tó o bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, tú gbogbo epo inú táǹkì jáde, fà á, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní sìlóò títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló máa gbẹ kabúrétọ̀ kí rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ má baà le. Yọ ṣéènì àti báà. Fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fọ ojú ọ̀nà inú báà àti ihò ọ́ìlì. Rẹ ṣéènì sínú ọ́ìlì tuntun, dì í sínú ọ̀rá. Fọ fíltà, tún abẹ́ irin sílíńdà ṣe. Tú púlọ́ọ̀gì, kán ọ́ìlì tuu-sitíróòkù díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, fa okùn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láìyára kó tàn ká, dá púlọ́ọ̀gì padà. Gbé e síbi tó gbẹ, kó jìnnà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ lò ó, epo tuntun ni kó o pò. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, má dà á sí i.